Ìlẹ̀kẹ̀ Oníwajawaja Mọ́kànlélógún

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé àga mi sún mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹ mọ̀ mí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, nínú ọkọ̀, níbi ìnáwó, ibi tí mo ti lè tètè jáde ni mo máa ń jókòó sí. Ẹ máa ń fi mí rẹ́rìn-ín, n kò sì bínú sí yín. Ẹni tí ọkọ̀ bá ti gbókìtì pẹ̀lú rẹ̀ ní kékeré, ara rẹ̀ kì í gbàgbé. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ẹkún ni mo fẹ́ sun lónìí. Mo borí nǹkan kan rí láyé mi, ó sì ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ fi yangàn.

Níbi ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì tó kọjá, ọ̀kan nínú yín wọ ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn kan ti Èkó dé. Ó ń dán bí omi, ó sì ní wajawaja níwájú, àwọn okùn ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ tí ó ń rọ̀ wálẹ̀ láti ọrùn dé àyà, bí ìdí aṣọ òfì tí wọn kò tíì gé. Ẹ ń gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ mi, mo dojú rẹ̀ dé, mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, mo rí i pé okùn kan ṣoṣo ló gbé gbogbo rẹ̀. Mo dá a padà, mo ní, "Ó rẹwà, ṣùgbọ́n má wọ̀ ọ́ wọ mọ́tò." Gbogbo yín bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, "Màmá tún ti bẹ̀rẹ̀." Ó dáa. Mo ti bẹ̀rẹ̀ nìyí.

Òmù-Àrán ìgbà náà kò tóbi báyìí. Kò sí yunifásítì, kò sí ọ̀kadà tí ń fọn fèrè sí ènìyàn létí. Odó ló máa ń jí wa láàárọ̀, lẹ́yìn náà ni agogo ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn náà ni agogo ilé-ìwé. Bí a bá dé láti ilé-ìwé, tí a jẹun, tí a pọn omi tán, àwa ọmọbìnrin a kó ìlẹ̀kẹ̀ wa lọ sábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ilé Ìyá Àgbà, ìyá tó bí ìyá mi. A kì í sín in tà o. Eré ọwọ́ wa ni. Ẹnì kan a máa sín ti ọwọ́, ẹlòmíràn ti ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ti ọrùn tó ní wajawaja ni ọ̀gá wọn. Bí ẹ bá da ìlẹ̀kẹ̀ sínú igbá, ó ń dún bí ìgbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ kan pánù. Bí ọmọbìnrin kan bá sì ń bọ̀ pẹ̀lú wajawaja lọ́rùn, a ti máa mọ ẹni tó ń bọ̀ kí ó tó yọ, nítorí pé ti kálukú ní bí ó ṣe ń dún.

Ibo ni a ti ń rí ìlẹ̀kẹ̀? Àwọn ìyá Tápà máa ń gbé ti dígí wá láti ọ̀nà Ṣàrẹ́, pupa, àti aláwọ̀ aró, àti ọ̀kan tó dà bí oyin. Ìwọ̀nba ni ọmọdé ń rí nínú ìyẹn. Èyí tó jẹ́ tiwa ni ìdò. Ẹ̀yin tí ẹ ń rí òdòdó pupa létí odò tí ẹ ń kọjá lọ, ìdò nìyẹn. Inú èso rẹ̀ tó rí bí ara alágẹmọ ni kóró rẹ̀ wà. Bí ó bá tutù, ó funfun, ó sì rọ̀, abẹ́rẹ́ wọ inú rẹ̀ wẹ́rẹ́. Bí ẹ bá jẹ́ kí ó gbẹ, ó dúdú, ó le bí ọta ìbọn, abẹ́rẹ́ á kán sí i lára. Nítorí náà, ọjọ́ mélòó kan péré ló wà láti lu ihò rẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá lù ú tán, ẹ ó ti ẹyọ ìgbálẹ̀ bọ inú ihò náà, ẹ ó sá a sínú oòrùn títí yóò fi dúdú, yóò fi sún kì. Ìgbà náà ni ẹ tó lè fi òwú sín in. Ẹ rántí ẹyọ ìgbálẹ̀ yẹn. Mo ń padà bọ̀ wá bá a.

Adìyẹ Ìyá Àgbà kan wà tó ní ojú kòkòrò. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ṣa ìlẹ̀kẹ̀ Tápà pupa mẹ́fà jẹ níwájú wa. Rúùtù, ọmọ ilé kejì, tí ó jẹ́ pé òun ló ni ìlẹ̀kẹ̀ náà, figbe ta bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Ìyá Àgbà so adìyẹ náà mọ́lẹ̀, ó ní, "Rúùtù, jókòó tì í. Ohun tó wọlé á jáde." Ọjọ́ méjì gbáko ni Rúùtù fi ṣọ́ ìdí adìyẹ. Ó rí márùn-ún. Títí di òní olónìí, bí a bá pàdé, mo máa ń bi í pé, "Ẹyọ kẹfà dà?" Ó sì máa ń sọ fún mi pé adìyẹ náà ló gbé e lọ sọ́run.

Nígbà òmìnira, ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí. Wọ́n fún àwa ọmọdé ní àsíá kékeré àti kọ́ọ̀pù kọ̀ọ̀kan, a ń yan káàkiri ìlú títí ẹsẹ̀ fi ń ro wá. Ìyá mi sín ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ ewé àti funfun fún mi, oníwajawaja. Ọwọ́ ìyá mi yá púpọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, ó parí rẹ̀ kí iṣu ọ̀sán tó jinná. N kò bọ́ ọ lọ́rùn mọ́, àfi bí mo bá ń wẹ̀.

Ọrùn mi náà ló wà ní ọdún kejì, nígbà tí èmi àti ìyá mi ń bọ̀ láti ọjà Àjàṣẹ́-Ìpo nínú bọ̀lẹ̀kájà, àwọn ọkọ̀ onípákó àtijọ́ wọ̀nyẹn. Iṣu kún inú rẹ̀. Kọ́nà kan wà, kò jìnnà sí Àjàṣẹ́, igi ìrókò ńlá kan dúró níbẹ̀. N kò ní sọ púpọ̀. Ọkọ̀ náà gbókìtì. Inú koríko ni wọ́n ti rí mi, n kò fara pa púpọ̀. Ìyá mi kò dìde mọ́. Òwú kan ṣoṣo ló gbé ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn mi, bí ó ṣe já báyìí, gbogbo rẹ̀ fọ́n dànù. Wọ́n ní mo di ẹ̀ṣẹ́ mi pinpin. Nígbà tí wọ́n ṣí i, ẹyọ mẹ́rin ló kù nínú rẹ̀, funfun mẹ́ta àti aláwọ̀ ewé kan.

Láti ọjọ́ náà, n kò wọ mọ́tò mọ́. Ọdún mẹ́fà ni o. Bí mo bá gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì, ọwọ́ mi á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, n kò ní lè mú gègé dání. Ìyá Àgbà ló gbà mí tọ́. Ní ọjọ́ kan, ó pè mí sábẹ́ igi máńgòrò.

Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, na ọwọ́ rẹ."

Mo nà án. Ó ń gbọ̀n.

"Gba abẹ́rẹ́ yìí. Fi òwú sí ojú rẹ̀."

"Kò ní wọlé, Ìyá Àgbà."

"Èmi náà mọ̀ pé kò ní wọlé. Máa tì í. A kò lọ sí ibì kankan."

Òwú tó fi ìrànwú rẹ̀ ran ni, tó fi ìda oyin pa lára. N kò mọ iye ìgbà tí mo tì í. Nígbà tó wọlé, mo wo ọwọ́ mi, kò gbọ̀n mọ́. Bí ó ṣe di eré ọwọ́ mi nìyẹn. Ó kọ́ mi ní ọ̀nà tirẹ̀, tó lọ́ra ju ti ìyá mi lọ. Òwú méjì ni ti ọrùn. Wajawaja kọ̀ọ̀kan ní òwú tirẹ̀, ó ní kókó tirẹ̀, a ó sì fi ìda oyin dí ojú kókó náà.

Mo ní, "Ìyá Àgbà, kí ló dé tí a kò fi òwú kan ṣe é lọ bí ẹni ń ránṣọ? Ìyẹn á yá."

Ó ní, "Ìyá rẹ máa ń kánjú. Mo sọ fún un, sọ fún un, kò gbọ́. Tèmi, bí ọ̀kan bá já, ọ̀kan ṣoṣo náà ló já." Ó kọjú sí ibòmíràn, ó sì ní kí n máa sín tèmi lọ.

Ilé-ìwé wa lọ wo àwọn ère òkúta ní Èsìé ní ọdún kan. Àwọn yòókù wọ ọkọ̀. Èmi àti Ìyá Àgbà ti gbéra ní àfẹ̀mọ́júmọ́, a fẹsẹ̀ rìn ín. Bí ọkọ̀ wọn ṣe kọjá wa lójú ọ̀nà, Rúùtù yọ orí síta, ó ń kígbe pé, "Mọ́tò ẹlẹ́sẹ̀ méjì! Ẹ bá mi fọn fèrè fún un!" Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà ní kí n má dá a lóhùn, pé kí n máa gbẹ́sẹ̀. Nígbà tí a dé Èsìé, mo dúró níwájú àwọn ère náà. Wọ́n pọ̀ lọ súà, wọ́n jókòó bí ẹni ń ṣèpàdé. Ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń wò ni irun orí wọn. Èmi, ọrùn wọn ni mò ń wò. Ìlẹ̀kẹ̀ wà lọ́rùn wọn, òkúta ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, ìpele lórí ìpele. Ọwọ́ ti kán lára òmíràn, òmíràn ti fọ́ sí méjì, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ó gbá mọ́ ọn. Mo sọ fún Ìyá Àgbà pé mo fẹ́ sín irú rẹ̀, kí n wá fi wajawaja sí i. Ó ní, "Sín in. Àwọn tó ni ín kò ní bá ọ jà."

Ìgbà tí mo ń sín in lọ́wọ́ ni ìròyìn dé pé wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ tiwa sílẹ̀, Ìlọrin ni olú-ìlú rẹ̀. Inú àwọn àgbà dùn. Wọ́n ní kí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan kó iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ ìwé wá sí Ìlọrin fún àjọyọ̀. Kíláàsì keje ni mo wà, ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Míìsì, olùkọ́ wa obìnrin, wo gbogbo ohun tí a ṣe, apẹ̀rẹ̀, ẹní, aṣọ àdìrẹ. Ó gbé ìlẹ̀kẹ̀ mi sókè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò tíì fi wajawaja sí i, ó ní èyí ni yóò ṣáájú. Orí mi wú. Ó wá ní ẹni tó bá wọ̀ ọ́ sọ́rùn ni yóò dúró níwájú àwọn àlejò láti ṣàlàyé bí a ṣe ṣe é.

Ó wò mí. "Àbẹ̀kẹ́, ọkọ̀ ni a máa wọ̀."

Mo na ọwọ́ gba ìlẹ̀kẹ̀ mi.

Ó rọ ohùn sílẹ̀. "Bí o kò bá lè lọ, Rúùtù á wọ̀ ọ́. N kò ní fi agbára mú ọ."

Mo délé, mo sunkún. Ìyá Àgbà ní, "Kí lò ń sunkún fún? Ìlẹ̀kẹ̀ ni àbí mọ́tò?" Mo ní méjèèjì ni. Ó ní, "Dìde."

Mọ́tò kan wà lẹ́yìn ilé aládùúgbò wa, ó ti kú tipẹ́. Kò ní táyà mọ́, ewúrẹ́ ló ń gbé inú rẹ̀. Ìyá Àgbà lé ewúrẹ́ jáde, ó nu ìjókòó, ó ní kí n wọlé kí n máa sín ìlẹ̀kẹ̀ mi níbẹ̀. "Èyí kò lè gbé ọ lọ síbì kankan. Òun fúnra rẹ̀ ń wá ẹni tí yóò gbé e." Ọjọ́ kìíní, ẹsẹ̀ kan ni mo gbé wọlé. Ọjọ́ kejì, mo jókòó fún ìwọ̀nba àkókò tí mo fi sín ìdò mẹ́sàn-án. Ní ọjọ́ karùn-ún, ewúrẹ́ kan fò wọlé, ó jókòó tì mí bí èrò ọkọ̀, mo rẹ́rìn-ín títí òwú fi bọ́ lọ́wọ́ mi. Ìyá Àgbà kò jókòó nínú rẹ̀ o. Ìta ló máa ń dúró sí, tí yóò gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn. N kò bi í léèrè ìdí rẹ̀.

Ẹ rántí ẹyọ ìgbálẹ̀. Nítorí pé mo ń kánjú kí ọjọ́ tó pé, mo sín ìdò tútù tààrà sí òwú fún wajawaja, n kò fi ìgbálẹ̀ sá a kí ó gbẹ. Ó ku ọjọ́ méjì kí a lọ, mo gbé e jáde wò. Gbogbo kóró náà ti gbẹ, ó ti sún kì lórí òwú. Àlàfo ti ṣí láàárín wọn, wajawaja ń fì jẹ́gẹjẹ̀gẹ bí eyín arúgbó. Ibi tí mo ti ń wò ó ni Rúùtù ti wọlé. Ó ti wá wọn ìlẹ̀kẹ̀ náà wò lọ́rùn rẹ̀ bí ó bá jẹ́ pé òun ni yóò lọ.

Ó ní, "Háà! Kí ni eléyìí? Ṣé ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ni àbí ọgbà tó wó?"

Mo ní, "Máa rẹ́rìn-ín. Ìwọ náà ni wọ́n máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní Ìlọrin."

Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó wá ká ẹsẹ̀ jókòó, ó ní, "Ìdò gbígbẹ mi kún igbá kan nílé. Jẹ́ kí n lọ gbé e. Ṣùgbọ́n ẹyọ kan kò gbọdọ̀ sọnù o, mi ò tún ní ṣọ́ ìdí adìyẹ." Ọjọ́ náà àti ọjọ́ kejì, àwa méjèèjì tú gbogbo wajawaja, a sì tún un sín. Mọ́kànlélógún ni. Ìdò mẹ́sàn-án ló wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìlẹ̀kẹ̀ Tápà pupa kan sì wà nísàlẹ̀. Rúùtù fẹ́ fi òwú kan mú gbogbo rẹ̀ kí ó lè yá. Mo ní rárá. Kókó kọ̀ọ̀kan, ìda oyin kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí a parí, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e sí ọrùn mi. Ó ní, "Ìwọ ni kó o wọ̀ ọ́. Bí èmi bá wọ̀ ọ́, tí wọ́n bi mí léèrè, irọ́ ni màá máa pa."

Ọjọ́ pé. Ọkọ̀ dúró níwájú ilé-ìwé, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń dún. Ìyá Àgbà ka wajawaja náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó fi ìka kàn án, ó ní, "Mọ́kànlélógún. Bí o bá dé, màá tún un kà." Mo gbé ẹsẹ̀ kan. Mo gbé ìkejì. Mo jókòó, Rúùtù di ọwọ́ mi mú. Nígbà tí ọkọ̀ gbéra, mo wẹ̀yìn, mo rí Ìyá Àgbà tó dúró sójú kan náà títí tí n kò fi rí i mọ́.

A dé kọ́nà yẹn. Mo mọ igi ìrókò náà láti òkèèrè. Rúùtù ní, "Di ojú rẹ." N kò dì í. Ọkọ̀ bọ́ sínú kòtò, ó gbọ̀n wá síwá sẹ́yìn, ìlẹ̀kẹ̀ mi kọ́ ìṣó kan lára pákó. Pà! Mo gbọ́ ọ. Ìdò ń yí kiri lórí ilẹ̀ ọkọ̀, ó ń gba àlàfo pákó bọ́ sí ojú títì. Ariwo ta. Míìsì pariwo pé, "Ìlẹ̀kẹ̀ ti já! Bàbá dírẹ́bà, ẹ dúró, ẹ jẹ́ ká ṣà á!" Dírẹ́bà tẹ bíréèkì, ọkọ̀ ti ń rọra dúró lábẹ́ igi náà gan-an.

Mo fọwọ́ kan ọrùn mi. Mo ń kà á. Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ló já.

Ni mo bá dìde nínú ọkọ̀, èmi tí n kò lè fetí gbọ́ ẹ́ńjìnnì, mo fi gbogbo ohùn mi kígbe pé, "Ẹ má dúró! Ẹ máa wa ọkọ̀ lọ, Bàbá! Ọ̀kan péré ni, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀! Ẹ máa lọ!"

Dírẹ́bà wẹ̀yìn wò mí. Ó ní, "Ọmọ yìí, ṣé ìwọ ni wọ́n ní ó ń bẹ̀rù mọ́tò?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, ó sì tẹ iná. Rúùtù bẹ̀rẹ̀ orin, a sì kọ ọ́ títí a fi wọ Ìlọrin.

Mo dúró níwájú àwọn àlejò. Ìyá kan tó fi gèlè funfun bo orí bi mí pé, "Àlùbáríkà ni o, ọmọ mi. Ta ló kọ́ ọ?" Mo sọ bí a ṣe ń lu ìdò, mo sọ ti ẹyọ ìgbálẹ̀, mo sọ ti kókó. Ó fọwọ́ kan ibi tí àlàfo wà, ó ní, "Èyí ńkọ́?" Mo ní, "Mo fi sílẹ̀ lójú ọ̀nà, mà." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wa. Mo ti gba ìwé ẹ̀rí lẹ́yìn ìyẹn, mo ti gbé ọmọ jó, inú mi kò tíì tún dùn bí ti ọjọ́ náà.

Nígbà tí a padà dé, oòrùn ń wọ̀. Ìyá Àgbà wà níbi tí mo fi í sí. Kò kí mi. Ó mú ìlẹ̀kẹ̀ náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

"Ogún. Ọ̀kan dà?"

"Ó wà ní kọ́nà, Ìyá Àgbà. Lábẹ́ ìrókò."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ìlẹ̀kẹ̀. Ìgbà náà ni mo rí i pé ọwọ́ tirẹ̀ náà ń gbọ̀n. Ìgbà náà ni ó sì yé mi pé láti ọjọ́ tí ìyá mi ti kú, òun náà kò wọ mọ́tò mọ́. Èmi rò pé nítorí tèmi ló ṣe ń fẹsẹ̀ rìn.

Ó ní, "Ṣé kókó yòókù dúró?"

"Gbogbo ẹ̀ dúró, mà."

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ọjọ́ ọjà Àjàṣẹ́ tó ń bọ̀, èmi pẹ̀lú rẹ la jọ ń lọ. Mọ́tò la máa wọ̀. Ṣùgbọ́n èmi ni màá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn o."

A lọ. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. A kọjá lábẹ́ ìrókò, ó di ọwọ́ mi mú, kò sì di ojú rẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́ ìjókòó yìí, ẹ̀yin ọmọ. Ìlẹ̀kẹ̀ náà nìyí nínú igbá. Ẹ gbé e, ẹ gbọ́ bí ó ṣe ń dún. Ogún ni. Kí ẹnikẹ́ni má fi kún un.